Ìmọ́lẹ̀ Inú Abọ́, Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Mi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ti sọ fún mi pé fóònù kì í yé etí yín mọ́, pé ohùn mi máa ń jáde nínú rẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Nítorí náà, lẹ́tà ni màá máa kọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ fọ́tò ń lọ? Àbúrò mi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fún un nísinmi? Ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó má sì jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i lára.

Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí ń bínú sí mi, èmi náà ń bínú sí i, ṣùgbọ́n a ti ń mọwọ́ ara wa. Iṣẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama yẹn ti ń dùn mọ́ mi. Ẹ rántí pé èmi ni mo ń bá olùkọ́ ìmọ̀ ohun alààyè tọ́jú yàrá àyẹ̀wò. Mo ń fọ ìgò, mo ń nu tábìlì, mo ń ṣètò ohun tí àwọn ọmọ yóò lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ní kí n wá kọ́ wọn fúnra mi. Àgbàlagbà obìnrin ni, ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju ojú lọ. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe fún yín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà, irú èyí tí kì í ṣe èèyàn níbi. Ẹranko kan sì wà nínú òkun, ara rẹ̀ rọ̀ bí omi tó ń gbìyànjú àtidì, ó sì máa ń tàn ní àwọ̀ ewé. Gbogbo ohun tó bá ní ẹ̀mí ló ní àbùdá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sí wa lára kí wọ́n tó bí wa, tó ń sọ pé kí imú rí báyìí, kí irun rí báyìí. Àwọn onímọ̀ ti yọ ọ̀rọ̀ kan nínú ti ẹranko òkun yẹn, èyí tó ní kí ara máa tàn, wọ́n fi í sínú òrùka àbùdá kan tí ojú lásán kò lè rí. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí òrùka náà wọ inú kòkòrò.

Ó gba sùúrù. A kó kòkòrò àti òrùka pọ̀ sínú ìgò kékeré, a gbé e sórí yìnyín. A tì í bọ inú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò pẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò tó sì fà á padà. A tún dá a padà sórí yìnyín. Ìjayà yẹn ló máa ń mú kí ara kòkòrò là, òrùka á sì yọ́ wọlé bí àlejò tó bá ilẹ̀kùn láìtì. A wá tẹ́ wọn sórí oúnjẹ wọn nínú abọ́ pẹlẹbẹ, a gbé abọ́ sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, oníkálùkù lọ sílé.

Nígbà tí a padà dé, mo ní kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé, kí wọ́n pa iná. Mo tan iná aláwọ̀ àlùkò sórí abọ́. Bàbá, gbogbo wọn ló na ọrùn wò ó. Àmì kéékèèké ń tàn nínú òkùnkùn, wọ́n tutù, wọ́n ní àwọ̀ ewé, bí ìlú tí èèyàn ń wò láti orí òkè nígbà tí gbogbo ará ibẹ̀ ti tanná. Ọmọbìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, ṣé wọ́n mọ̀ pé àwọn ń tàn?" Ọkàn mi ti lọ sí yàrá òkùnkùn tí ẹ ti máa ń fọ fọ́tò, bí ojú èèyàn ṣe máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú omi.

Nígbà tí a wò wọ́n tán, a da omi apakòkòrò lé wọn lórí kí wọ́n má baà jáde síta. Òfin ni.

Ọmọ yín ni mo jẹ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ bá mi lórí àga. Mo kà á tán, mo fún àbúrò rẹ kà, mo tún gbà á padà. Ara mi dá ṣáṣá, àfi orúnkún yìí tó máa ń bá mi ṣe àríyànjiyàn bí mo bá fẹ́ dìde. Iṣẹ́ fọ́tò ti di ti àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ya ara wọn. Àwọn tó kù fún mi ni àwọn tó fẹ́ àwòrán ìwé ìrìnnà, àti àwọn arúgbó tó ní fóònù ń ba ojú àwọn jẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé fóònù kò mọ irọ́ pa ni.

Àbúrò rẹ dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Egungun ẹ̀yìn ló mú un lọ́tẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn fa omi sí i lára, ó ti dìde, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Ìwọ náà mọ̀ pé fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yìí, kì í dágbére kó tó wọlé. Ó ní kí n kí ọ, ó ní kí o má fi yìnyín ṣeré jù.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò wọ̀ mí létí. O fún ẹ̀dá ní ìmọ́lẹ̀, o tún pa á. Òfin ni, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí èmi bá fọ fọ́tò tán, n kì í dáná sun ún. Ó kéré tán, ya àwòrán wọn kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìbéèrè kan tún wà, má gbàgbé láti dáhùn. Ohun tí ẹ fi sí wọn lára yẹn, ṣé ó máa ń dúró? Tí wọ́n bá bímọ, ṣé ọmọ náà á tàn, àbí yóò padà sí ti àtijọ́?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi kò dùn sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ yẹ̀.

Àwòrán tí ẹ béèrè ló wà nínú àpòòwé yìí. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀, kí ọ̀gá fọ́tò má fi mí ṣẹ̀sín. A tún ṣe é fún kíláàsì méjì mìíràn, àwòrán ti èkejì nìyí. Kíláàsì àkọ́kọ́ nínú wọn kò rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin tó di ìgò mú ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé ìgò sínú omi gbígbóná, gbogbo rẹ̀ sè. Nígbà tí a pa iná, abọ́ wọn ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n ṣì dúró, wọ́n ń wò ó, bíi pé wọ́n ń retí kí ẹnì kan jáde láti inú rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín: bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń dúró. Kòkòrò kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, gbogbo wọn á máa tàn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa po oògùn kan mọ́ oúnjẹ wọn, oògùn tó ń pa èyí tí kò bá ní òrùka. Bí a bá yọ ọ́, wọ́n á máa sọ òrùka náà nù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbàgbé èdè. Òrùka ẹlòmíràn ni, kì í rọrùn fún wọn láti gbé.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi, Ìkẹyìn wa. Ó pẹ́ tó ti kọ̀wé sí mi. Ṣé ó ń bínú ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Àkọ́bí mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Mo gbé àwòrán rẹ kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ní ojú sánmà ni, òmíràn ní òkun ni. N kò bá wọn jiyàn. Bí n kò bá ní oníbàárà, mo máa ń gbé àga síwájú rẹ̀, màá sì máa wò ó títí tí ojú mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé wọ́n ń rìn. Ibi tí mo ti ń wò ó ni ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí àbúrò rẹ ti wà lọ́mọ ọwọ́, ọwọ́ rẹ ló wà. Dókítà ṣàlàyé fún mi nígbà náà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ní àṣìṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ mi, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa méjèèjì ń rìn, a ń rẹ́rìn-ín, a kò mọ ohun tí a gbé pamọ́ sára. Ó wá pàdé lára Ìkẹyìn. Ìwọ wá ń mú ọ̀rọ̀ láti ara ẹranko òkun, o ń fi í sára kòkòrò, ó sì ń dúró lára ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń béèrè fún ọmọ ìyá rẹ.

Òwú tó wà nínú ọ̀rá yìí, ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ ló wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun ni mo fi gún ìka rẹ̀, mo sì fi oògùn nu ibẹ̀. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n mo rò pé omi lè jí i. Gbé e sórí yìnyín, gbé e sínú omi gbígbóná bí ẹ ti ń ṣe. Má bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí o bá ń ṣe é. Bí ó bá ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi yóò mú àbúrò rẹ wá bá ọ.

Mo ń retí rẹ. N kò tíì retí nǹkan báyìí rí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa bíi pé a jẹ ẹ́ níyà.

Ṣé ìwé mi kò dé ni? Àbí ó dé, o sì rí i bí ọ̀rọ̀ arúgbó? Ẹni tó rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lè má mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ẹni tí èèyàn ń dá lóhùn. Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, tí ò ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ, sọ ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò bá sọ, ọkàn ẹni tó ń dúró ló máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kì í sì í sọ ọ́ dáadáa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ béèrè bóyá mò ń bínú. Mò ń bínú díẹ̀. Mo lè pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, Bàbá sì máa ń gbọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́, etí yẹn máa ń là nígbà náà.

Ẹ má rò pé mo gba ọ̀rọ̀ òwú yẹn gbọ́. Èmi náà kàwé. Mo na ìka mi sí wọn nítorí pé wọ́n ti fi oògùn nu abẹ́rẹ́, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ẹyin mú. Mo wo ojú wọn, mi ò lè sọ pé rárá. Ẹ̀yin náà ò lè sọ ọ́, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wà lókèèrè, èmi ni mò ń gbé inú ìdákẹ́jẹ́ yín.

Ohun tí Bàbá kò sọ fún yín ni pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rédíò ti gbà mí. Wọ́n ní kí n ka ìròyìn fún àwọn, mo kà á, wọ́n ní ohùn mi dára. Iṣẹ́ ìjókòó ni, Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tí mo lè ṣe bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ ń dùn mí. Ìlú mìíràn ni, Bàbá sì kọ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kí n jẹ́ kí àwọn rò ó. Láti ìgbà tí àwòrán yín ti dé, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ṣe sùúrù. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe, nígbà náà kò sí ibi tí o kò lè lọ." Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ti ṣílẹ̀kùn tán, tí mi ò bá lọ, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún ní àyè mi.

Mo lá àlá kan. Mò ń rìn lójú títì kan tí kò ní iná, ẹ̀jẹ̀ mi ń tàn láti inú wá, mo ń rí iṣan apá mi bí ewé tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà fún mi. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àlá náà, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí, mo sì ṣì ń rìn.

Ẹ bá mi sọ fún wọn. Lẹ́nu yín nìkan ni wọ́n ti máa gbà á.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo tún kúnlẹ̀, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ìwé yín dé ọwọ́ mi. Òwú náà dé. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ ní ilé, n kò lè lò ó, n kò sì lè sọ ọ́ nù. Bí mo bá ń jáde, màá fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀ náà bí ẹni ń dágbére fún ọmọ tó sùn.

N kò lè ṣe é, Bàbá. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí ó lè hàn gbangba, kí ẹ má baà máa wá a láàárín àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Kòkòrò tí a ń lò, ẹyọ kan ni gbogbo ara rẹ̀. Bí a bá fi òrùka sínú rẹ̀, a ti fi í sínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi kì í ṣe ẹyọ kan. Inú egungun rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, lójoojúmọ́, ìgò àti yìnyín mi kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lára òwú kò tún lè jí mọ́. Òótọ́ ni pé ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá kan, àwọn dókítà ti ń tún ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí kọ fún àwọn èèyàn díẹ̀. Ó gba ìnira púpọ̀, ewu wà nínú rẹ̀, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ irú wa. Bí ó bá dé lọ́jọ́ kan, màá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pè yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi. Èmi ni mo jẹ́ kí ó dàbí iṣẹ́ tó rọrùn, nítorí pé ó rẹwà lójú mi.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. Ó wá bi mí pé, "Àbúrò rẹ yìí, kí ló wù ú láti ṣe láyé?" Bàbá, n kò mọ̀. Mo mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo mọ orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀, n kò mọ ohun tó wù ú. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ẹ má bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rédíò. Ara rẹ̀ kò ní di tuntun kí ó tó lọ. Ara tó ní yìí náà ló máa gbé lọ. Ẹ bi dókítà léèrè nípa oògùn kan tí àwọn tó ní àìsàn yìí ń mu lójoojúmọ́, tó ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ wọn, kí ẹ sì bi àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ní nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ò ṣe ohun búburú kankan sí i, ẹ̀yin àti ìyá wa. Ìdajì tí ẹ fún un yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ yàn án.

Mo ń retí ìbínú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́, ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìdúró. Ìwé yín dé. Bàbá kà á nínú yàrá òkùnkùn, wọn kò sì jáde títí oníbàárà fi kanlẹ̀kùn tó sì lọ. Wọ́n yọ àwòrán yín kúrò lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ọjọ́, kìkì "oúnjẹ ti jinná" àti "mo ń bọ̀" là ń bá ara wa sọ.

Lánàá, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé ó mọ iṣẹ́?"

Mo ní, "Mi ò tíì rí i, Bàbá."

Wọ́n ní, "Èèyàn kì í fi ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí kò rí lọ́wọ́." Wọ́n lọ. Mi ò mọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, ojú ń tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo kí ọ. Mo bínú sí ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí. O gbọ́n tó láti mọ ìyókù.

Mo mú Ìkẹyìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Dókítà ti kọ oògùn tí o sọ yẹn fún un, ó ní a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó sì rí bí yóò ti ṣe é. Nínú ọkọ̀, ó sùn lé mi léjìká, oòrùn ń kọjá lójú rẹ̀ bí a ti ń kọjá lábẹ́ igi. Mo ń wò ó bí mo ṣe máa ń wo ìwé fọ́tò nínú omi, mo sì rí i pé ojú náà ti yọ tán. Obìnrin ni. N kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Mo rí nọ́ọ̀sì. Ọmọdébìnrin kan tó sanra, tó ń jẹ gúgúrú. Mo bi í pé, "Bí ìrora bá mú ọmọ mi, kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe?"

Ó ní, "Bàbá, màá kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Òun ló mọ̀ jù."

N kò ní ìbéèrè mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi yàrá hàn wá, bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ní kí wọ́n gbé e kúrò lójú atẹ́gùn, wọ́n sì gbé e. Wọ́n fi yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sí rédíò hàn wá pẹ̀lú. Fóòmù ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri rẹ̀, ìró kan kò lè wọlé. Àbúrò rẹ wọ ibẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi wà lẹ́yìn gíláàsì, mo ń rí ẹnu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó jáde, mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Bàbá." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ní ẹnu géètì, ó kúnlẹ̀, mo súre fún un, ó ń lọ. Kò wẹ̀yìn. Mo sọ nínú ara mi pé ó dára. Ó ti rìn jìnnà kí ó tó dúró, ó sì yí padà, ó ń bọ̀ wá bá mi kíákíá. Àkọ́bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Inú mi dùn. Mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀kọ́, pé ọmọ ti yí ọkàn padà, kí wọ́n má bínú.

Ó dé iwájú mi, ó na ọwọ́. Ó ní, "Bàbá, báàgì mi."

Báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká mi. Mo ti dì í mú ṣinṣin láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀.

Mo bọ́ ọ, mo gbé e fún un.

Bàbá rẹ.